Àpáàdì Láti Ilé Kọ̀ọ̀kan

Ó gba àpáàdì náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì lá a. Kì í ṣe pé ó fi ẹnu kàn án lásán o. Ó yọ ahọ́n síta, ó gbé e lé ibi tí àpáàdì ti ṣẹ́, ó sì dúró bí ẹni tí ń retí kí nǹkan sọ̀rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ kí ó tó fà á kúrò.

"Ìkòkò ta ni?"

"Ti ìyá bàbá mi ni, mà."

"Ti omi àbí ti ọbẹ̀?"

"Ti omi. Ẹ̀yìn kànga ni mo ti rí i."

"Ta ló fọ́ ọ?"

Mo ní n kò mọ̀, pé wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí ó mọ̀ dájú pé ọmọ tí wọn kò tíì bí náà lè fọ́ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ó ju àpáàdì ìyá bàbá mi sínú odó, lórí àpáàdì tí àwọn ọmọ yòókù ti kó wá láti ilé wọn, ó sì ti ọmọ odó sí mi lọ́wọ́.

"Gún un."

Títí di òní, mo ṣì lè gbọ́ ìró odó yẹn. Kò jọ ìró iyán rárá. Iyán máa ń rọ̀ bí a bá ṣe ń gún un, ìró rẹ̀ a sì máa rọ̀ pẹ̀lú. Àpáàdì kì í rọ̀. Ṣe ni ó ń payín keke mọ́ ọmọ odó títí tí ó fi di lẹ́búlẹ́bú. Eruku pupa bo ìpéǹpéjú wa. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀.

Káńpù ọlidé ni a wà. Sọ́mà káńpù ni wọ́n pè é, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kábà ni. Kí ó tó dé, ọmọ tí ó bá gba ọlidé ń lọ sí oko ni, èyí tí àwọn òbí rẹ̀ bá sì kàwé ń lọ sí lẹ́sìnnì. Ọkùnrin kan tí ó ti Àbújá bọ̀, tí ó dá ilé ìwé sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìyàrà, ni ó gbé e wá. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wò sàn. Nígbà tí ìgò gún ọ̀kan nínú wa lẹ́sẹ̀, tí a gbé e lọ bá a, ó ní irú dókítà tí òun jẹ́ kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Sọ́mà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàlàyé, ni àkókò tí oòrùn ń ràn jù lọ́dún. Òjò ń da àlàyé náà rú lórí páànù bí ó ti ń ṣe é. Ó fún wa ní fáńẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ìyeyè tí orúkọ káńpù wà ní àyà rẹ̀, tí àwòrán ojú òun fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tò sórí ìlà, ojú Dókítà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wò.

Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni kí a fi kíréyọ́ọ̀nù ya òdòdó, kí a sín ìlẹ̀kẹ̀, kí a sì fi amọ̀ mọ nǹkan. Ti amọ̀ ni wọ́n fi lé ìyá arúgbó tí mo ń sọ yìí lọ́wọ́, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwé. Iye Àgbà ni a ń pè é. "Iye" ni ìyá ní ẹnu wa. Ògìdì ni wọ́n ti bí i, Kábà ni ó ti rọ́kọ. Ó ga, ó gbẹ, ó sì tẹ̀ níbàdí láti ọdún pípẹ́ tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ yí ìkòkò ká. Ẹ má ṣe rò pé onírẹ̀lẹ̀ ni. Ó máa ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ pé láti Kábà títí dé Pónyán, kò sí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ amọ̀ bí tòun. Bí ẹnìkan bá ní òun mọ òmíràn, á yínmú. "Ìyẹn? Àwo tí ajá fi ń jẹun ni ìyẹn ń mọ."

Ó ní ìdí tí ó fi gbà láti wá, kò sì fi bò fún wa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí a na ọwọ́ wa síta, ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń yan iṣu lọ́jà.

"N kò wá bá yín ṣeré," ni ó wí. "Ọwọ́ kan ni mò ń wá. Àwọn ọmọ mi bímọ jọ sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá, gbogbo wọn ní amọ̀ ń ba èékánná jẹ́. Ọ̀gá yín ti ṣèlérí fún mi. Bí ìkòkò yín bá dára lójú àwọn òbí yín ní ọjọ́ ìparí, yóò kó àwọn àga fífọ́ kúrò nínú búkà ẹ̀yìn yẹn, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n máa kọ́ yín ní Sátidé. Bí kò bá dára, mo padà sílé nìyẹn, n ó kú, amọ̀ náà á sì bá mi kú. Ṣé ó yé yín?"

Ó yé wa. Ọmọkùnrin kan ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, kí wọ́n má baà yan tirẹ̀.

Kò fọkàn tán wa rárá. Nígbà tí a fẹ́ lọ wa amọ̀ létí odò, ó mú wa gba inú oko ẹ̀gẹ́, ó mú wa gba ẹ̀yìn ibojì, ó tún mú wa padà sí ojú ọ̀nà tí a ti gbà tẹ́lẹ̀, kí a má baà lè dá wá síbẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọbìnrin kan ní, "Iye, ẹ̀yìn oko bàbá mi rèé." Iye Àgbà kọjú sí i. "Bàbá rẹ ni kò sọ fún ọ pé kí o má wá síbí?" Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fura sí bàbá ọmọ náà pé ó ń wa amọ̀ òun. Kì í mu omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń pín ní káńpù. Ó ní omi tí wọ́n di lẹ́nu bí ẹni pé ó jalè, ó ní ohun tí ó ṣe. Oúnjẹ wọn náà, kì í jẹ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ lọ tọ̀, ó máa ń fi èékánná fa ìlà sí ara òkìtì amọ̀, kí ó lè mọ̀ bí a bá bù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ kọ́ni. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Orí ìdí ìkòkò àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni a ti ń mọ ìdí tuntun. Bí ó bá le díẹ̀, a ó gbé e sílẹ̀, a ó máa yí amọ̀ bí okùn, a ó máa tò ó lé etí rẹ̀, a ó sì máa bẹ̀rẹ̀ fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, pẹ̀lú èkùrọ́ tí ó ti dán lọ́wọ́ wa láti fi ra á. "Ìkòkò kì í yí," ni ó máa ń wí. "Kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ ni wà á yí i ká." Òòyì kọ́ wa, a ń ṣubú lu ara wa. Ọmọkùnrin tí ó ki ọwọ́ bọ àpò mọ mọ́tò ní tirẹ̀. Iye Àgbà gbé e, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní, "Omi mélòó ló lè gbà?" ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà sínú amọ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí a fi ń po àpáàdì mọ́ amọ̀.

"Amọ̀ tuntun kò gbọ́n," ni ó fèsì. "Kò rí iná rí. Bí kò bá sí àgbà nínú rẹ̀ tí ó ti rí iná, iná á tú u. Èyí tí ó bá sì lẹ̀ mọ́ ahọ́n ni àgbà tí ó dára."

Ìdí tí àpáàdì náà fi gbọ́dọ̀ wá láti ilé kọ̀ọ̀kan ni pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀: àwọn tí ó bá jọ ń kọ́ṣẹ́ pọ̀, àpáàdì ilé wọn a jọ wọ odó kan. Kò ní àlàyé mìíràn. Ó yẹ kí ó ti ní.

Èmi ni mo sọ ọ́ nílé, níbi oúnjẹ alẹ́, láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Nínú ilé wa, Jímọ̀ jẹ́ ti bàbá mi, Sọ́ńdè jẹ́ ti ìyá mi, Sátidé sì jẹ́ ti aṣọ fífọ̀. Bàbá mi ń ta síméńtì àti irin. Alájì ni ìyá mi ń pè é. Ìyá mi ń kọ́ni ní pírámárì. Tísà ni bàbá mi ń pè é. Wọn kì í pariwo jà. Wọn kàn kì í fohùn ṣọ̀kan ni.

"Ó ṣe kí ni?" Ṣíbí ìyá mi dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Ó lá a, mà. Ó lá ti gbogbo wa."

"Alájì, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Àpáàdì ìyá mi ni ó lá?"

"Èmi ń sọ ti ẹ̀mí àìmọ́, ẹ̀yin ń sọ ti ìyá yín."

"Ìyá mi ló ni àpáàdì, Tísà. Bí ẹ̀mí kan bá wọ ibẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí wa."

Ilé mìíràn náà ti gbọ́ tiwọn. Kí ọjà tó tún ná, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan ń fi ahọ́n tọ́ ilé ènìyàn wò. Wọ́n ní ó ń kó kádàrá ilé jọ sínú odó. Obìnrin kan jẹ́rìí pé òun rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì bí ó ti ń gún un. Orin ni ó ń kọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà? Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ díákónì gbé èyí tí ó le jù dìde: àpáàdì ilé ìmàle àti ti ilé onígbàgbọ́ ti di ẹ̀bù kan náà, báwo ni a ó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn?

Wọ́n kó ara wọn jọ lọ bá Dókítà. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí sílẹ̀, àwa ọmọ sì wà lójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n," ni Dókítà bẹ̀rẹ̀, "ní òkè òkun, iṣẹ́ ọnà—"

"Àpáàdì wa ni a wá gbà," ni díákónì wí.

Wọ́n pe Iye Àgbà wọlé. Ó dúró, ó fi ọwọ́ amọ̀ lé ìbàdí.

"Àpáàdì ti wọ inú ìkòkò," ni ó sọ fún wọn.

"Yọ ọ́ padà!"

"Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé, ẹ yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tí ẹ sè lánàá. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ gbé e wá kí n rí bí wọ́n ti ń ṣe é."

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀! Ẹnu àjẹ́ nìyẹn!"

"Bí mo bá jẹ́ àjẹ́, ṣé inú fáńẹ́ẹ̀lì ìyeyè tí ojú ọkùnrin yìí wà lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó ti máa wá ọmọ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ ìbá di ìjà, ṣùgbọ́n Dókítà rí ọgbọ́n dá. Ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan wá gbàdúrà sórí ìkòkò ọmọ tirẹ̀ kí wọ́n tó sun ún, ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn. Dókítà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán tí ó ṣáájú ọjọ́ ìparí, Iye Àgbà lọ pa koríko tí yóò fi dáná. Àwọn ìkòkò wa wà nínú búkà náà, lórí ẹní, wọ́n ti gbẹ débi pé wọ́n ti funfun. Àwọn òbí dé. Àdúrà ẹnu kò tó wọn. Àwọn kan gbé òróró, àwọn kan gbé omi tí wòlíì ti yà sí mímọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì ń dà á sínú ìkòkò, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń fi pa ìdí rẹ̀. Àwọn ìmàle gbé hàntú wá, omi tí àáfà fi ṣan ìwé kúrò lójú wàláà, wọ́n fi wẹ ti àwọn ọmọ wọn látòkèdélẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ ń mu ún bí ẹni tí ó ti oko dé. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi tún dúdú.

Ó ku tèmi. Ìyá mi mú ìgò tirẹ̀ jáde. Bàbá mi náà mú tirẹ̀.

"Tísà, àpáàdì ìyá mi ló wà nínú rẹ̀."

"Inú mi ni ọmọ tí ó mọ ọ́n ti jáde, Alájì."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹ tún ìbéèrè yẹn bi mí, kí ayé gbọ́."

Wọ́n dúró níbẹ̀, ìgò lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ó jẹ́ kí èkejì tú ìdérí. Gbogbo àwọn tí ó kù ti lọ. Nígbà tí ọlọ́dẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ìgò wọn padà sílé. Bàbá mi mu tirẹ̀. Ìyá mi fi tirẹ̀ wọ́n wa lórí ibùsùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ti ta kánópì, àlejò pàtàkì kan láti Lọ́kọ́ja sì ti jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń tòògbé. Iye Àgbà wọ búkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìkòkò. Mo rí i tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ti àkọ́kọ́, tí ó sì dúró. Ó kan èkejì. Ó kan gbogbo wọn títí dé tèmi, ó tún kan tèmi lẹ́ẹ̀kejì. Ó jáde tọ Dókítà lọ.

"Wọ́n tutù. Ẹ jẹ́ kí á sá wọn sóòrùn títí ọjà tí ń bọ̀. Bí mo bá sun wọ́n báyìí, wọ́n á fọ́."

"Iye Àgbà, àlejò wa ti dé!"

"Ṣé àlejò ni a fẹ́ sun ni?"

Díákónì ti gbọ́. Ó yíjú sí àwọn òbí yòókù. "Ẹ rí i? Mo sọ ọ́! Ó ń bẹ̀rù omi àdúrà. Kò fẹ́ kí iná kàn án!"

Ariwo sọ. Iye Àgbà wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó to igi, ó to pòròpórò ọkà bàbà lé e, ó to àwọn ìkòkò wa, ó fi koríko bò wọ́n, ó sì dáná sí i díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀bá kí wọ́n lè kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn òbí ní kí ó yára. Afẹ́fẹ́ gbọ́ tiwọn ju tirẹ̀ lọ.

Gbàù!

"Alelúyà!" Ìyá ọmọ kan fò sókè. "Ó ti jáde!"

Gbàù! "Àláhù Àkúbárù!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Bí ìkòkò kan bá ti bú, ẹni tí ó ni ín a yọ̀, a na ọwọ́ sókè, a wo apá ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn kejì bóyá tiwọn ké tó bẹ́ẹ̀. Inú díákónì kò dùn; ti ọmọ rẹ̀ kàn dún fìì ni. Ó ń bi àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí ìdajì ẹ̀mí àìmọ́ náà ṣẹ́ kù sínú. Àwa ọmọ ń sunkún ní tiwa. Àlejò pàtàkì jí, ó rò pé ìbọn ẹ̀yẹ ni wọ́n ń yìn fún òun, ó juwọ́.

Nígbà tí iná kú tán, Iye Àgbà fi igi wá inú eérú. Ó gbé ìkòkò kan jáde, pupa, tí èéfín dúdú fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi orí ìka ta á. Ó dún gbinn. Tèmi ni.

Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n wo ìkòkò náà, wọ́n wo àwọn òbí mi.

"Kí ló wà nínú tiwọn tí kò fẹ́ jáde?" obìnrin kan bèèrè, jẹ́jẹ́.

"Kò ní wọ ilé mi," ni bàbá mi wí. Ìyá mi ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ohùn wọn jáde pọ̀. Wọ́n wo ara wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu.

Dókítà gba màíkì. Ó dúpẹ́ pé ibi ti fò lọ. Ó ní lọ́dún tí ń bọ̀, amọ̀ òyìnbó ni káńpù yóò máa lò, èyí aláwọ̀ mèremère tí a kì í sun. Ní ti búkà, ó ní àwọn àga fífọ́ ṣì wúlò.

Nígbà tí wọ́n ń ká kánópì, mo lọ bá Iye Àgbà níbi eérú.

"Okun o, Iye," ni mo kí i ní ẹnu wa.

"Okun."

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa fọ́?"

"Ọwọ́ mi ò tíì kú."

"Kí ló dé tí ẹ fi wá sun wọ́n?"

"Bí n kò bá sun wọ́n, wọ́n á ní omi wọn lé mi. Bí mo sì sun wọ́n, wọ́n á ní ó lé nǹkan jáde lára mi. Mo wá fọwọ́ kan tìrẹ, ó gbẹ. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sun ẹyọ kan." Lójijì ó fojú kékeré wò mí. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí tìrẹ gbẹ? Ta ló ta àwọn òbí rẹ lólobó?"

Mo sọ bí wọ́n ti dúró tìgòtìgò fún un. Ó gbọ́ ọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tí ó fi wúkọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ láéláé," ni ó wí. "Mú ọwọ́ wá." Ó yí i, ó tẹ ìdí àtàǹpàkò mi. "Kò burú. Máa bọ̀ nílé mi lọ́la. Èmi àti ìwọ nìkan. Kò dìgbà tí wọ́n bá fún wa ní búkà."

Mo sáré délé, mo sọ ọ́. "Rárá," ni bàbá mi wí. "Rárá," ni ìyá mi wí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Ọmọ tí àárín bàbá àti ìyá rẹ̀ bá lánu ṣì lè gba àárín náà kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí àárín.

Iye Àgbà ti kú. Wọ́n ní ó ń mọ ìkòkò títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀, ó sì ń fura sí bàbá ọmọbìnrin ẹ̀yìn oko yẹn títí dé òpin. Kò rí ọwọ́ tí ó ń wá. Etí odò náà ti hu koríko, kẹ́ẹ̀gì oníke ni a fi ń gbé omi ní Kábà, n kò sì mọ ibi tí ìkòkò mi wọlẹ̀ sí. Gbogbo àdúrà tí wọ́n da sórí ìkòkò wọ̀nyẹn ni wọ́n ní ó gbà. Ti Iye Àgbà nìkan, èyí tí ó gbà níbi eérú pé kí àwọn òbí mi má rẹ́, ni kò gbà.

Ohun tí mo mú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti jókòó ní ìpàdé yunifásítì, mo ti jókòó ní ìpàdé ìdílé, mo ti wà níbi tí ìjọ àti jámáà ti jọ dìbò fún ẹni kan náà. Bí gbogbo ẹnu bá ti ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara ọlọ́mọ gbogbo sì balẹ̀, èmi kì í pàtẹ́wọ́. Mo máa ń wò yíká, mo ń wá ẹni méjì tí ó ṣì ń jà ní kọ̀rọ̀, mo sì máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìjà wọn má tíì parí.